Ìjì hurricane: Ìgbì afẹ́fẹ́ tó ń gba orí Ouagadougou kọjá, àti òjò ọdún 2009 tí kò lórúkọ

Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso. Òjò kì í ṣe àjèjì lásìkò yẹn. Àwọn àgbẹ̀ tó gbin jéró àti ọkà bàbà ṣì ń fẹ́ omi.

Ṣùgbọ́n òjò náà kò dá. Ó rọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tó fi máa dáwọ́ dúró, 263 mìlímítà omi ló ti bọ́ sílẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí méjìlá. Láti mọ bí èyí ṣe pọ̀ tó, òjò tí Ouagadougou máa ń rí láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá jẹ́ nǹkan bíi 700 sí 800 mìlímítà. Èyí túmọ̀ sí pé nǹkan bíi ìdá mẹ́ta òjò ọdún kan gbáko ló rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì, àwọn onímọ̀ tó ń mójú tó ìjì hurricane ní ìlú Miami lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fún ìjì kan lórúkọ. Erika ni wọ́n pè é. Ìjì náà wà ní ìlà-oòrùn àwọn erékùṣù Kàríbéánì, kò sì lágbára púpọ̀. Kò di hurricane rárá, ọjọ́ kẹta oṣù náà ló túká. Síbẹ̀ ó ní orúkọ, wọ́n ya ọ̀nà tó gbà sórí àwòrán ilẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú ìtàn ìjì ọdún 2009 títí dòní.

Òjò Ouagadougou kò ní orúkọ kankan. Ọjọ́ tó rọ̀ ni àwọn ará ìlú fi ń pè é: "ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án".

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mọ̀lẹ́bí ni òun àti ọ̀pọ̀ ìjì tó ń gba orúkọ ní òkun.

Ibo ni ìjì hurricane ti ń bẹ̀rẹ̀?

Tí a bá gbọ́ pé ìjì hurricane ń bọ̀ ní Florida tàbí ní Puerto Rico, ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń rò ni pé inú òkun níbẹ̀ ló ti hù jáde. Òkun ló ń fún un lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n irúgbìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, Áfíríkà ló ti wá.

Láti nǹkan bí oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, aṣálẹ̀ Sàhárà máa ń gbóná bí ààrò. Ní gúúsù, láti Èkó lọ dé Abidjan, ilẹ̀ tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, òjò àti igbó sì wà. Ìyàtọ̀ láàárín ooru òkè lọ́hùn-ún àti ìtutù ìsàlẹ̀ yìí ló ń mú kí afẹ́fẹ́ kan máa fẹ́ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sókè. Ẹ fojú inú wò ó bí odò tó ń ṣàn lójú òfurufú.

Odò yìí kì í ṣàn ní tààrà. Ó máa ń wọ́, bí omi ṣe máa ń ṣe tó bá kọlu àpáta. Apá ibi tí òkè ńláńlá wà ní Sudan, Chad àti Ethiopia ni wíwọ́ náà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Wíwọ́ yìí ni àwọn onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ń pè ní ìgbì ìlà-oòrùn Áfíríkà. Láti orí ìgbì kan sí orí èkejì lè tó 2,500 kìlómítà, ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún síra ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé ara wọn. Nǹkan bíi ọgọ́ta ló ń kọjá lọ́dún kan. Wọ́n á gba orí Niger, àríwá Nàìjíríà, Burkina Faso àti Mali, wọ́n á sì já sí òkun ní Senegal.

Ibi tí ìgbì náà bá dé ni ìkùukùu òjò ti máa ń kóra jọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ará Ouagadougou bá ń retí òjò, ìlà-oòrùn ló ń kọjú sí. Ọ̀run á pọ́n, eruku á kọ́kọ́ dé pẹ̀lú afẹ́fẹ́ líle, àwọn tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà á sáré palẹ̀ mọ́, kí òjò tó tẹ̀ lé e. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ti gbé ní Sókótó, Niamey tàbí Ouagadougou rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Láti orí Ouagadougou dé etíkun Senegal, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni ìgbì kan máa ń lò. Nígbà tó bá wọ òkun nítòsí erékùṣù Cabo Verde, ibẹ̀ la ti máa mọ ohun tó máa dà. Tí omi òkun bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó tó ìwọ̀n 26 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí eruku gbígbẹ láti Sàhárà kò bá fún un lọ́rùn, tí afẹ́fẹ́ òkè kò sì ya ìkùukùu rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Tó bá ń yí bẹ́ẹ̀ tó sì ń lágbára sí i, orúkọ dé nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í dé ibẹ̀. Ojú òkun ni wọ́n ń kú sí láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ìwádìí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìjì hurricane tó lágbára jù ní Àtìláńtíìkì ló jẹ́ pé ìgbì láti Áfíríkà ló bí wọn.

Kì í ṣe àná ni wọ́n mọ èyí. Lọ́dún 1969, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Toby Carlson tẹ ìwádìí kan jáde nípa ìjì mẹ́ta tó di hurricane ní òkun, èyí tó tọpasẹ̀ wọn padà sórí ilẹ̀ Áfíríkà.

Ouagadougou fúnra rẹ̀ kò lè rí hurricane. Omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni epo tó ń mú ẹ̀rọ ìjì náà ṣiṣẹ́, kò sì sí òkun ní Burkina Faso. Àmọ́ ìgbì kò nílò òkun kó tó lè da òjò sílẹ̀.

Ọdún tí Àtìláńtíìkì dákẹ́

Tó bá jẹ́ pé Florida lẹ ń gbé lọ́dún 2009, ẹ ó sọ pé ọdún ìrọ̀rùn ni. Àsìkò ìjì hurricane máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n oṣù Kẹfà kọjá, oṣù Keje kọjá, kò sí ìjì kankan tó gba orúkọ. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹjọ ni Ana àti Bill tó jáde. Láti ọdún 1992, ìjì àkọ́kọ́ kò tíì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

El Niño ló fà á. Ìyẹn ni ìgbà tí omi òkun Pàsífíìkì bá gbóná kọjá bó ṣe yẹ, tí afẹ́fẹ́ òkè lórí Àtìláńtíìkì á sì le débi pé á máa fa ìjì ya kí wọ́n tó dàgbà. Ìjì mẹ́sàn-án péré ló gba orúkọ lọ́dún náà, mẹ́ta ló di hurricane: Bill, Fred àti Ida. Láti ọdún 1997, iye náà kò kéré tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Bill ló lágbára jù. Ìgbì láti Áfíríkà ló bí i, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tó 215 kìlómítà ní wákàtí kan. Ojú òkun ló pọ̀ jù nínú ìrìnàjò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbì omi tó rán lọ sí etíkun Amẹ́ríkà pa èèyàn méjì. Fred dé ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, ó lágbára gan-an nítòsí Cabo Verde, níbi tí irú rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n, lẹ́yìn náà ló rẹ̀ ẹ́ láìdé ilẹ̀ kankan. Ní ti Ida, òkun Kàríbéánì ló ti jáde lóṣù Kọkànlá.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn ìjì ọdún 2009, ibi tí wọ́n ń parí rẹ̀ sí nìyẹn. Ó dà bíi pé nǹkan kan kù níbẹ̀.

Ohun tí omi náà ṣe ní Ouagadougou

Adágún omi mẹ́ta tí wọ́n fi ìsédò ṣe ló wà ní àríwá àárín gbùngbùn Ouagadougou. Inú wọn ni ọ̀pọ̀ gọ́tà ìlú ń da omi sí, omi náà á sì gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà igbó ńlá tí wọ́n ń pè ní Bangr-Weoogo, èyí tó túmọ̀ sí igbó ìmọ̀ ní èdè Mooré. Lọ́jọ́ náà, gọ́tà kún, àwọn adágún kún, omi sì padà sẹ́yìn sínú ìlú.

Yalgado Ouédraogo, tó jẹ́ ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi jù lórílẹ̀-èdè náà, kò jìnnà sí ibẹ̀. Omi wọ àwọn yàrá ibi tí àwọn aláìsàn wà, wọ́n ní láti kó wọn jáde, àwọn ẹ̀rọ ìtọ́jú sì bàjẹ́.

Àwọn tó jẹ ìyà jù ni àwọn tó ń gbé ilé bíríkì amọ̀, tí wọ́n ń pè ní banco níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló wà ní àdúgbò tí ìjọba kò tíì wọn ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí kò sí gọ́tà, tí ilẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Banco dára nínú ooru, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n tí omi bá dúró sí ìdí rẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, á padà di amọ̀. Yorùbá ní ẹni òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kó máa dúpẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, òjò nìkan tó.

Ó kéré tán, èèyàn mẹ́jọ ló kú. Nǹkan bíi 150,000 èèyàn ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní ìlú náà. Ilé ìwé ni ọ̀pọ̀ sá sí. Ibẹ̀ ni wọ́n wà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ìjọba tó pín ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní Yagma, lẹ́yìn ìlú.

Lọ́dún 2017, Jean-Philippe Lafore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí tó jinlẹ̀ jáde nípa òjò náà. Wọ́n rí ọwọ́ ìgbì ìlà-oòrùn nínú rẹ̀, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí omi kún inú rẹ̀ bámúbámú. Kì í ṣe pé òjò yẹn ló di Fred ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e o. A kò lè kàn wo kàlẹ́ńdà ká ní èyí ló di tọ̀hún. Ohun tó dájú ni pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni omíyalé Ògùnpa, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 2011 sì ni òmíràn.

Òjò níhìn-ín, ìjì lọ́hùn-ún

Lọ́dún 1990, William Gray, onímọ̀ nípa ìjì ní yunifásítì Colorado State, kọ nǹkan kan tó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ó fi òjò ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wé àwọn hurricane ńlá tó ń dé etíkun Amẹ́ríkà. Láti 1947 dé 1969, òjò pọ̀ ní Sahel, ìjì ńlá sì pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti 1970 dé 1987, ọ̀dá mú Sahel, ìjì ńlá dínkù lọ́hùn-ún.

Èyí túmọ̀ sí pé lásìkò tí màlúù ń kú ní Upper Volta, bí Burkina Faso ṣe ń jẹ́ nígbà náà, tí àwọn Fúlàní darandaran ń kó èyí tó kù lọ sí gúúsù, àwọn tó ń kọ́ ilé sí etíkun Florida ń sùn dáadáa. Òjò tí ẹnì kan ń gbàdúrà fún ní Kaya tàbí Dori wà lára ohun tó ń fi hàn pé kí ẹlòmíràn ra pákó láti fi kan fèrèsé rẹ̀ pa.

Ọdún 2009 kò tẹ̀ lé òfin yẹn délẹ̀délẹ̀, nítorí El Niño jókòó sí àárín. Ilẹ̀ rí omi, òkun kò rí ìjì.

Látìgbà náà, òjò Sahel ti ń yí padà. Lọ́dún 2017 kan náà, Christopher Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lo àwòrán sátẹ́láìtì láti fi hàn pé àwọn ìjì òjò tó le jù ní Sahel ti di ìlọ́po mẹ́ta láti ọdún 1982. Wọ́n so ó mọ́ Sàhárà tó túbọ̀ ń gbóná. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, lẹ́yìn tí omi tún gba ilé lọ́wọ́ àwọn èèyàn, ìjọba Burkina Faso kéde pé àjálù ti dé bá orílẹ̀-èdè náà.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni àkókò. Ẹni tó ń retí hurricane ní Kàríbéánì lè ní ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún láti múra. Ìjì òjò Sahel lè hù jáde lọ́sàn-án, kó dé ìlú lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Àwọn onímọ̀ lè rí ìgbì náà kó tó dé, ṣùgbọ́n àdúgbò tí yóò da omi rẹ̀ sí ṣòro láti mọ̀ ṣáájú.

Ní ti orúkọ, ọdún mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n máa ń tún ìwé orúkọ ìjì kan náà lò. Orúkọ ọdún 2009 padà dé lọ́dún 2015. Erika, tí kò ṣe púpọ̀ nígbà àkọ́kọ́, pa èèyàn tó lé ní ogún lórílẹ̀-èdè Dominica lóṣù Kẹjọ ọdún náà. Kò pẹ́ sígbà náà ni Fred kúrò ní etíkun Áfíríkà, tó sì kọlu Cabo Verde lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, hurricane àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀ láti ọdún 1892.

Ìjì tó bá ṣọṣẹ́ púpọ̀, wọ́n máa ń yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, wọn kì í lò ó mọ́. Wọ́n ti yọ Erika, Elsa ló gba ipò rẹ̀. Wọ́n ti yọ Ida náà lẹ́yìn tó ba Louisiana jẹ́ lọ́dún 2021. Ìwé orúkọ náà yóò tún padà wá lọ́dún 2027, Ana ni yóò sì ṣíwájú. Kí ó tó kàn án, ìgbì mélòó kan á ti gba orí Ouagadougou kọjá.