Ṣílè Kan Láti Gbọ́ Orin: Ta Ní San Ìyókù?

Ẹ̀yin ònkàwé wa, ẹ bá wa ro ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí àwọn eléré bá dé sí ìlú wa, ẹni tó san owó ńlá ni í jókòó níwájú. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ nǹkan, ẹ̀yìn ni yóò wà, tí yóò máa na ọrùn. Ṣùgbọ́n ilé orin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Royal Albert Hall, tí ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ooru wọn, wọn a máa ṣe àpèjọ orin tí wọ́n ń pè ní Proms níbẹ̀. Onígòjé, onífèrè àti onílù, tí wọ́n lè tó ọgọ́rùn-ún nígbà mìíràn, yóò jọ máa lo orin láti inú ìwé. Àwọn tó san owó gidi jókòó yíká. Àwọn tó san owó táṣẹ́rẹ́ dúró nílẹ̀ níwájú àwọn olórin gan-an. Ní 2024, pọ́n-ùn 8 péré ni wọ́n san.

Irú ọjà wo nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí a wá ìdí rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Robert Newman, alábòójútó gbọ̀ngàn Queen's Hall, ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ, 1895. Ó fẹ́ kí àwọn ará ìlú tí kò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn, kí wọ́n sì máa fi díẹ̀díẹ̀ dé ibi tó jinlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yin olùkọ́ ti í ṣe pẹ̀lú á-bí-dí. Ó fi Henry Wood, ọmọ ọdún 26, ṣe adarí orin. Ṣílè kan ni owó ìdúró. Gbogbo sáà sì jẹ́ gínì kan, èyíinì ni ṣílè 21. Ènìyàn lè jẹun, kí ó mu, kí ó sì fa sìgá níbẹ̀. Kìkì pé wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe ṣáná nígbà tí akọrin bá ń kọrin lọ́wọ́.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé ṣílè kan kò lè bọ́ ẹgbẹ́ olórin ńlá. Dókítà ọ̀nà ọ̀fun kan, George Cathcart, ló kọ́kọ́ gbé owó kalẹ̀, ó sì ní àdéhùn kan: kí wọ́n rẹ ohùn àwọn ohun èlò orin wálẹ̀, nítorí ohùn gíga tí wọ́n ń lò nígbà náà ń ba ọ̀fun àwọn akọrin jẹ́. (Dókítà tí ń fi owó ara rẹ̀ dín àwọn aláìsàn ara rẹ̀ kù! A kí i.) Ní 1902, Newman kó owó sínú eré orí ìtàgé, ó sì wọ gbèsè pátápátá. Edgar Speyer, olówó báńkì tí ìdílé rẹ̀ ti Jámánì wá, ló tẹ́wọ́ gba ẹrù náà. Ogun dé ní 1914, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi Jámánì bú u, títí ó fi kó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1915. Ilé Chappell, tí ń ta dùùrù àti ìwé orin, gbé e títí àdánù fi sú wọn. Láti 1927 ni BBC ti gbà á, yàtọ̀ sí ọdún ogun 1940 àti 1941. Ní 1941 yìí náà ni bọ́ǹbù sun Queen's Hall, tí wọ́n sì kó lọ sí Albert Hall.

Nítorí náà, ẹni tó dúró níwájú yẹn kò san tán. Owó ìwé àṣẹ tí àwọn onítẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san wà nínú rẹ̀, títí kan ti ẹni tí kò fẹ́ràn gòjé rárá. Àwọn kan ń kùn sí i, a kò sì lè bá wọn wí.

Bí ẹ bá ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ̀wé sí i pé tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó ni wọ́n ń tà ṣáájú. Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró, ọjọ́ eré gan-an ni. Kí ó má ra ti alájàpá ẹnu ọ̀nà. Kí ó sì wọ bàtà tó rọrùn, nítorí wákàtí méjì lórí ìdúró kì í ṣe kékeré.