Kí Ẹ Tó Ra Férémù Fún Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Àtijọ́

Bí férémù kẹ̀kẹ́ bá là, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì dára, kò sí ìdí láti kó gbogbo rẹ̀ dànù. Férémù onírin tòkunbọ̀ lè gba ipò rẹ̀. Àmọ́ ojú lásán kì í mọ ìwọ̀n. Ẹ mú rúlà dání lọ sọ́jà.

Ẹ kọ́kọ́ wọn àyè tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa ń wọ̀. Kẹ̀kẹ́ eléré-ìje àtijọ́ tó ní jíà mẹ́fà tàbí méje lẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 126. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn jẹ́ 130. Bí ìyàtọ̀ kò bá ju èyí lọ, ẹni tó mọṣẹ́ lè fẹ férémù onírin tàbí kó fún un pọ̀. Ẹ má ṣe dán an wò lára alumíníọ̀mù: ó lè là nígbà tí ọmọ yín wà lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ara táyà. Nọ́ńbà 28 máa ń tanni jẹ. Rímù 28 × 1½ ti kẹ̀kẹ́ Raleigh ayé àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 635. Táyà 700C, tí wọ́n tún ń kọ 28 sí lára ní Yúróòpù, jẹ́ 622. Bí ẹsẹ̀ 635 bá wọ férémù tí wọ́n ṣe fún 622, táyà lè máa ha férémù, bíréèkì sì lè má dé ibi tó yẹ lára rímù.

Nítorí náà, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lọ. Ẹ fi wọ́n sínú férémù, ẹ yí wọn, ẹ wo ibi tí bíréèkì bá wọn, kí ẹ tó sanwó.