Orin, Àtẹ́wọ́ àti Eré Ọmọdé: Iṣẹ́ Wo Ni Wọ́n Ń Ṣe Lára Ọmọ Wa?

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ọdún 6. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì wọn kọjá ní òwúrọ̀ yóò gbọ́ orin, yóò gbọ́ àtẹ́wọ́, yóò sì rí wọn tí wọ́n ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn òbí kan kò fẹ́ràn èyí. Wọ́n ní owó kéwú àti ti ìwé ni àwọn ń san, àwọn kò san owó eré. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé orin lè ba ẹ̀sìn ọmọ jẹ́. Òbí mìíràn tilẹ̀ ti ń ronú àtimú ọmọ rẹ̀ lọ sí ibi tí wọn yóò ti jókòó jẹ́ẹ́, tí wọn yóò máa kọ̀wé láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ohun tí ọmọ náà yóò pàdánù.

Etí ọmọ kì í dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti nǹkan bí oṣù 6 nínú oyún ni ọmọ ti ń gbọ́ ìró, ohùn ìyá rẹ̀ ni ó sì ń gbọ́ jù. Ní ọdún 1980, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Anthony DeCasper àti William Fifer, fi orí fídà sí ẹnu àwọn ọmọ tuntun tí ọjọ́ orí wọn kò ju ọjọ́ 3 lọ, wọ́n sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde. Bí ọmọ bá fà á ní ọ̀nà kan, ohùn ìyá rẹ̀ ni yóò gbọ́. Bí ó bá fà á ní ọ̀nà mìíràn, ohùn obìnrin mìíràn ni. Àwọn ọmọ náà yí bí wọ́n ṣe ń fà á padà kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ìyá wọn. Ní ọdún 2009, István Winkler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Họ́ńgárì gbé ìró ìlù sí etí àwọn ọmọ tuntun tí ń sùn, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn. Nígbà tí wọ́n fo ibi pàtàkì kan nínú ìlù náà, ọpọlọ àwọn ọmọ tí ń sùn fura. Èyí já sí pé ọmọ ti ń retí ìró tí ó kàn, nígbà tí kò tíì mọ ojú bàbá rẹ̀ dáadáa.

Àwọn ìyá wa kò ka ìwádìí kankan kí wọ́n tó mọ èyí lò. Bí ọmọ bá ń ké, ìyá á pọ̀n ọ́n, á máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, á máa ki oríkì rẹ̀, á máa mì í, á sì máa fi ọwọ́ gbá a ní ìdí jẹ́jẹ́. Orin, ìlù àti ìrìn ni ó pa pọ̀ yẹn. Etí ọmọ ń gbọ́ ọ, ara rẹ̀ sì ń jẹ́rìí sí ohun tí etí gbọ́. Ní Kánádà, Laura Cirelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní 2014 lórí àwọn ọmọ oṣù 14. Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n ń mì í sí orin, àgbàlagbà kan sì kọjú sí i, òun náà ń mì. Nígbà tí àgbàlagbà yìí wá ń sọ nǹkan bọ́ sílẹ̀ bí ẹni pé ó ṣèèṣì, àwọn ọmọ tí wọ́n ti jọ mì pọ̀ dọ́gba bá a ṣà á ju àwọn tí mímì tiwọn àti tirẹ̀ kò bá ara mu lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa Yorùbá jù ni èdè. Igbá tí a fi ń bu omi, igba tí í ṣe 200, ìgbá tí a ń jẹ, àti ìgbà tí ń lọ, lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Ohùn ni ó yà wọ́n. Ta ni ó ń jókòó ti ọmọ ọdún 2 láti kọ́ ọ ní àmì ohùn? Kò sí. Inú ọ̀rọ̀ tí a ń bá a sọ, inú oríkì rẹ̀ àti inú orin ni ó ti ń ṣà á jọ. Orin Yorùbá gidi máa ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀: ibi tí ọ̀rọ̀ bá gòkè, orin á gòkè, ibi tí ó bá sọ̀ kalẹ̀, orin á sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dùndún fi ń sọ̀rọ̀ tí ó ń yé wa. Orin a sì máa fa ọ̀rọ̀ gùn, a máa yà á sí wẹ́wẹ́, a máa tún un sọ títí etí ọmọ yóò fi gbá a mú. Nígbà tí ọmọ bá ń pàtẹ́wọ́ sí orúkọ rẹ̀, tí Bàṣírù gba àtẹ́wọ́ 3, tí Mùsítáfà gba 4, ó ti ń gé ọ̀rọ̀ sí ègé. Ọmọ tí kò bá mọ bí a ṣe ń gé ọ̀rọ̀ sí ègé, ìwé kíkà yóò nira fún un.

Nítorí èyí ni orin tí a gbé ohùn rẹ̀ wá láti òkèèrè, tí a sì ki ọ̀rọ̀ Yorùbá bọ̀ ọ́ tipátipá, kò fi wù wá rárá. Igbá á di ìgbà lẹ́nu ọmọ, ọmọ kò sì ní mọ èyí tí ó tọ̀nà. Bí ọmọ yóò bá kọ orin Gẹ̀ẹ́sì, kí ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò burú.

Èdè Lárúbáwá ní tirẹ̀, gígùn àti kíkúrú ohùn a máa yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. "Kataba" ni ó kọ nǹkan sílẹ̀. "Kaataba" ni òun àti ẹnìkan ń kọ lẹ́tà síra wọn. Màdì tí ó kéré jù, ìwọ̀n hárákà 2 ni, àwọn àgbà àfáà sì ti ń fi kíká àti nínà ìka wọ̀n ọ́n láti ìgbà pípẹ́. Ṣé ẹ rí i pé ara ni wọ́n fi ń ka ohùn? Nígbà tí olùkọ́ wa bá ní kí àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan fún ohùn kúkúrú, lẹ́ẹ̀mejì fún èyí tí ó gùn, ọ̀nà àwọn àgbà náà ni ó ń tọ̀. Lórí wàláà àti lẹ́tà Lárúbáwá nìkan ni a ti ń ṣe èyí. A kò pe Kùránì ní orin o, a kì í sì í pàtẹ́wọ́ sí i. Ṣùgbọ́n kíkà á ní pẹ̀lẹ́, kí ohùn sì já gaara, àṣẹ rẹ̀ wà nínú Súrátùl-Muzzammil, àyà 4.

Àwọn onímọ̀ Lárúbáwá mọ̀ pé ohun tí ó bá ní ìwọ̀n kì í tètè bọ́ lórí. Ibn Malik, tí ó kú ní 1274, to gírámà Lárúbáwá sí ewì tí ó tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ìlà. Sulayman al-Jamzuri kọ òfin tàjùwídì sí ewì onílà 61, ó sì pè é ní Tuhfat al-Atfal, ìyẹn ẹ̀bùn àwọn ọmọdé.

Ó ku ti ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún 1 sí 4 yẹ kí ó lo ìṣẹ́jú 180, ó kéré tán, lójúmọ́ nínú eré tí ń mú ara ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ní kí a má ṣe dè é mọ́ ojú kan ju wákàtí 1 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ì báà ṣe nínú àga tàbí lórí ẹ̀yìn ìyá. Pípọ̀n dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a máa sọ ọmọ kalẹ̀ kí ó rákò, kí ó sì tàgẹ̀gẹ̀. Ní ti ìwé kíkọ, láti èjìká ni agbára ti ń dé ọrùn ọwọ́ kí ó tó dé ìka. Ọmọ tí ó ti ju bọ́ọ̀lù, tí ó ti fi ọwọ́ ya òbìrìkìtì ńlá lójú òfuurufú, ni ọwọ́ rẹ̀ ń tètè gba pẹ́ńsù.

Ẹ tún wo eré ẹkùn-mẹ́ran tí gbogbo wa ṣe ní kékeré. Àwọn ọmọ di ara wọn lọ́wọ́ mú yí ká, ẹran wà nínú, ẹkùn wà lóde, ẹnìkan ń lé orin, àwọn yòókù ń gbè é. Ọmọ tí ń gbè gbọ́dọ̀ fetí sílẹ̀ kí ó tó dáhùn. Bí ó bá yá jù, ó ti bà á jẹ́. Kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ ọwọ́ ẹnìkejì rẹ̀, bí ẹ̀rín bá tilẹ̀ ń pa á. Bákan náà ni eré tí olùkọ́ ti ń lu pákó, tí àwọn ọmọ ń rìn sí i, tí wọ́n sì gbọ́dọ̀ dúró bí òkúta nígbà tí pákó bá dákẹ́. Ohun tí ọmọ ń kọ́ níbẹ̀ ni ìkóra-ẹni-níjàánu, òun náà sì ni ọmọ ń lò láti jókòó jẹ́ẹ́ nígbà tí Lèmọ́mù bá ń ṣe hùtúbà. Ẹni tí ó bá ní kí ọmọ ọdún 4 máa jókòó láti òwúrọ̀ kí ó lè mọ̀ ọ́n jókòó, iṣẹ́ àṣedànù ni ó ń ṣe.

Ní ti ẹ̀sìn, àwọn onímọ̀ yapa ẹnu lórí ohun èlò orin, a kò sì fẹ́ dá ẹjọ́ wọn nínú ìwé ìròyìn yìí. Ẹnu, àtẹ́wọ́ àti ẹsẹ̀ ti tó fún iṣẹ́ tí à ń wí. Kí a yẹ ọ̀rọ̀ inú orin wò dáadáa; èyí tí ó bá ní ìbọ tàbí ọ̀rọ̀ rírùn nínú, kí a gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wà nínú hádíìsì Bùháárì àti Múslímù pé àwọn ọmọbìnrin 2 ń kọrin nílé Ìyá wa Àíṣátù ní ọjọ́ ọdún, tí Abúbákàrì fẹ́ dá wọn lẹ́kun, tí Ànọ́bì sì ní kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú pé Ànọ́bì gbé Umamah, ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, nígbà tí ó ń kírun.

Ohun tí ó ń kọ wá lóminú jù ni fóònù. Ìyá á fi orin sí i, á gbé e lé ọmọ lọ́wọ́, á ní ọmọ òun ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1993, Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí orin Mozart. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 36 ni wọ́n lò, àǹfààní tí wọ́n rí kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Kò sí ìkókó kankan nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn oníṣòwò sọ ọ́ di ọjà, wọ́n ń ta orin tí yóò sọ ìkókó di ọlọ́gbọ́n, gómìnà ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà sì bèèrè owó ní 1998 láti fi orin fún gbogbo ọmọ tuntun. Ẹ̀rọ kì í wo ojú ọmọ, kì í dúró dè é kí ó gbè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò yẹ ní ẹni tí ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n tàbí fóònù, ti ọmọ ọdún 2 sí 4 kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lójúmọ́. Kọrin fún un fúnra rẹ nígbà tí o bá ń wẹ̀ ẹ́, bí ohùn rẹ kò bá tilẹ̀ dùn.

Orin tún máa ń tú àṣírí àìsàn. Ọmọ tí kì í ta gìrì sí ariwo ńlá, tí kì í yíjú sí ohùn ìyá rẹ̀, tàbí tí ó pé ọdún 1 tí kò tíì máa pè wọ́ọ́wọ̀ọ́, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ibà pọ́njú tí ó le nígbà ìkókó lè ba etí jẹ́, yírùnyírùn lè bà á jẹ́, etí tí ń da ọyún fún ìgbà pípẹ́ náà sì lè bà á jẹ́. Ẹ má sì ṣe tẹ́ ìkókó sùn sí ìdí ẹ̀rọ gbohùngbohùn níbi ìnáwó tàbí wọ̀lìmọ̀. Nínú kíláàsì, ọmọ tí ó máa ń wo ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó pàtẹ́wọ́, àwọn olùkọ́ wa ń ṣọ́ irú rẹ̀. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè yín lórí èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe na ọmọ náà pé olórí kunkun ni. Ẹ mú un lọ kí dókítà yẹ etí rẹ̀ wò lọ́sẹ̀ náà gan-an.