Ìṣàkóso Ìyára Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Alágbèéká nínú Iṣẹ́ Ìwádìí Yorùbá

Ìfáárà

Iṣẹ́ ìwádìí lórí lítíréṣọ̀ alohùn ti kúrò ní ti téèpù àti ìwé àjákọ nìkan. Orí kọ̀ǹpútà alágbèéká ni a ń kó ohùn àwọn apohùn sí; orí rẹ̀ náà ni a ti ń ṣe àdàkọ, tí a ti ń fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀, tí a sì ti ń tò ó fún ìtúpalẹ̀. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ bá kú láàárín iṣẹ́ lè pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà. Nítorí èyí ni àpilẹ̀kọ yìí ṣe dá lé ohun kan tí àwa onímọ̀ èdè kì í sábà kà sí: bí a ṣe ń ṣàkóso ìyára ọpọlọ kọ̀ǹpútà kí ó má baà máa jẹ bátìrì ní ìjẹkújẹ, kí ó má sì gbóná kọjá ààlà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó ti ìyá àgbà kan, ọmọ bíbí Ìsẹ́yìn tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìlú Ìbìní. Mo ti gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ náà, a jọ ń gbọ́ ohùn náà kí ó lè là mí lóye àwọn ọ̀rọ̀ tí kò yé mi. Kò sí iná. Mo gbọ́kàn lé bátìrì mi pé yóò lo wákàtí mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò lò ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ, nítorí pé kọ̀ǹpútà náà ń sáré bí ẹni pé orí ṣájà ni ó wà. A dá ọjọ́ mìíràn. Kí ọjọ́ náà tó pé, ìyá ti papò dà. Ìlà mọ́kànlá ṣì wà nínú àdàkọ yẹn títí di òní pẹ̀lú àmì ìbéèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti ẹnì kan. Ibùdó ìpèsè iná Azura-Edo, tí ó ń lo gáàsì, tí agbára rẹ̀ sì ju mẹ́gáwáàtì 450 lọ, kò jìnnà sí Ìlú Ìbìní. 2018 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú àkànpọ̀ wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni iná rẹ̀ ń wọ̀ lọ, kì í ṣe ilé àwa aládùúgbò rẹ̀ tààrà. Ní oṣù Kẹrin 2024, a gbé owó iná àwọn oníbàárà Ìpele A, àwọn tí a ṣe ìlérí ó kéré tán wákàtí 20 fún lójúmọ́, lọ sí náírà 225 fún kílówáàtì-wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n wà ní ìpele ìsàlẹ̀ ń retí wákàtí tí kò tó bẹ́ẹ̀. Owó epo jẹnẹrétọ̀ náà ti gun òkè láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023. Fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa, bátìrì gan-an ni iná.

Àwọn ọ̀rọ̀-ìperí

Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lé èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sí lára ohun tí ó gbé yẹ̀ wò. Ó yẹ, nígbà náà, kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí a fẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dúró fún.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ni ègé ẹ̀rọ kékeré tí ó ń ṣe gbogbo ìṣirò. Aago kan wà tí ó ń lù fún un, tí kò sì lè gbé ìgbésẹ̀ kankan láìsí ìlù rẹ̀. Ìyára aago ni iye ìgbà tí aago yìí ń lù ní ìṣẹ́jú àáyá kan. GHz 1 túmọ̀ sí bílíọ̀nù kan ìgbà. Fólítéèjì ni agbára tí ó ń ti iná gba inú wáyà. Ìyára àfikún ni èyí tí ọpọlọ ń sá dé fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tí ó kọjá ìyára tí a kọ mọ́ ọn. Adarí-ìyára sì ni apá kan nínú ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń pinnu bí aago yóò ṣe yára tó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Bí ìyára ṣe ń jẹ iná

Ẹni tí ó bá ti ya Òpópónà Igun ní Ìlú Ìbìní, níbi tí àwọn oníṣẹ́ idẹ wà, yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn ẹnu Ìbìní sọ pé láti Ifẹ̀ ni Igueghae ti wá kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà ní ayé Ọba Oguola. Ẹni tí ó ń fi ẹwìrì fẹ́ iná kì í fẹ́ ẹ bákan náà láti àárọ̀ di alẹ́. Nígbà tí idẹ bá fẹ́ yọ́, yóò tẹra mọ́ ọn. Nígbà tí ó bá jẹ́ pé kí iná má kú ni, yóò rọra. Bí ó bá ń fẹ́ ẹ kíkankíkan lásán, èédú yóò tán, idẹ kankan kò sì ní tìtorí rẹ̀ yọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà rí. Iná tí ó ń jẹ nígbà iṣẹ́ ń tẹ̀lé ìyára aago, ó sì ń tẹ̀lé fólítéèjì ní ìlọ́po ara rẹ̀. Ìyára gíga kò ṣeé ṣe láìgbé fólítéèjì sókè. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọpọlọ kan bá ń lo fólítì 1.2 ní GHz 3.0, tí a wá dá a dúró sí fólítì 0.9 ní GHz 1.5, ìyára ti di ìdajì. Ṣùgbọ́n iná tí ó ń jẹ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan ti lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ti tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ kan náà yóò gba ìlọ́po àkókò méjì, síbẹ̀ àpapọ̀ iná tí ọpọlọ jẹ lórí rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí ìdá 56 péré. Ibi tí èrè wà nìyí.

Ìmọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní 2000 ni ilé-iṣẹ́ Intel gbé SpeedStep jáde fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, kí ọpọlọ lè dín ìyára kù nígbà tí ó bá wà lórí bátìrì. Ní 2008, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé Turbo Boost jáde, èyí tí ó ń fún ọpọlọ ní ìyára àfikún. Fólítéèjì sábà máa ń ga jù lọ ní agbègbè ìyára àfikún yìí. Ìdí nìyí tí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ fún ẹni tí ó wà lórí bátìrì fi jẹ́ pé kí ó pa ìyára àfikún, kí ó tó ronú kan ohun mìíràn.

Ìṣàkóso lórí Linux

Lórí Linux, oríṣi adarí-ìyára pọ̀. Èyí tí ń jẹ́ performance ń di ìyára mú sí òkè pátápátá; powersave ń dì í mú sí ìsàlẹ̀. Ondemand ń fò sókè ní kété tí iṣẹ́ bá pọ̀, conservative sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Schedutil, tí ó wọ Linux ní 2016, ń wo bí ètò ṣe ń pín iṣẹ́ kí ó tó yan ìyára. Láti mọ èyí tí kọ̀ǹpútà yín ń lò, ẹ kọ èyí:

cpupower frequency-info

Láti pààrọ̀ rẹ̀, àti láti fi òté lé ìyára tí kò gbọdọ̀ kọjá:

sudo cpupower frequency-set -g powersave

sudo cpupower frequency-set -u 1.8GHz

Ìkìlọ̀ méjì ni ó wà níbí. Èkínní, lórí ọ̀pọ̀ ọpọlọ Intel òde òní, performance àti powersave nìkan ni ẹ ó rí, powersave ibẹ̀ kì í sì í dúró sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ń lọ sókè-sódò bí iṣẹ́ bá ṣe rí. Orúkọ kan náà ni, ìwà wọn yàtọ̀. Èkejì, àwọn àṣẹ yìí kì í wà títí. Bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà tí ẹ sì tún un tàn, wọn yóò ti pòórá. Ètò TLP wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó máa ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá yọ ṣájà.

Ìṣàkóso lórí Windows

Lórí Windows, ẹ ṣí "Control Panel", kí ẹ wá "Power Options", kí ẹ sì wọ ibi tí a ti ń ṣe àtúnṣe ìjìnlẹ̀ sí ètò iná. Lábẹ́ "Processor power management", ẹ ó rí "Maximum processor state". Ẹ fi iye ti bátìrì sí 99 dípò 100. Ìdá kan péré tí a yọ yìí máa ń pa ìyára àfikún lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, fáànù yóò sì tètè dákẹ́. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kan, ojú yìí kì í hàn. Ẹni tí kò bá rí i lè lo àṣàyàn ìpamọ́ bátìrì tí ó wà nínú "Settings". Ẹ tún lè kọ àṣẹ powercfg /batteryreport láti mọ iye iná tí bátìrì yín lè gbà nígbà tí ó jẹ́ tuntun àti iye tí ó ń gbà nísinsìnyí. Bí èkejì kò bá tó ìdajì èkínní, kì í ṣe ìyára ni ìṣòro yín. Bátìrì ti gbó.

Ọ̀rọ̀ ooru

Ooru Ìlú Ìbìní máa ń mú gan-an ní oṣù Kejì àti Kẹta, eruku ọyẹ́ sì ti máa ń wọ inú fáànù kọ̀ǹpútà ṣáájú. Bí ọpọlọ bá gbóná dé ààlà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dín ìyára rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ pé kọ̀ǹpútà àwọn ti ń falẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ooru ni ó dè é lókùn. Ooru ń ba bátìrì jẹ́ pẹ̀lú. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó ń wà nínú ooru lójoojúmọ́ ń tètè pàdánù agbára rẹ̀. Ẹni tí ó bá dín ìyára kù tí ó sì gbé kọ̀ǹpútà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sí orí tábìlì ti fa ẹ̀mí bátìrì rẹ̀ gùn.

Ibi tí ìlànà yìí mọ

A kò gbọdọ̀ rò pé rírọra ni ó dára nígbà gbogbo. Ọpọlọ nìkan kọ́ ni ó ń jẹ iná; ojú kọ̀ǹpútà àti ìyókù ẹ̀rọ ń jẹ tiwọn. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé àwọn yẹn ń jẹ wáàtì 6, tí ọpọlọ sì ń jẹ wáàtì 15 ní ìyára gíga. Iṣẹ́ tí yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò jẹ wáàtì-ìṣẹ́jú 210. Bí a bá dín ìyára kù bí ti àpẹẹrẹ òkè yẹn, ọpọlọ yóò jẹ nǹkan bí wáàtì 4.2 fún ogún ìṣẹ́jú, àpapọ̀ yóò sì jẹ́ 204. Èrè rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ńlá kan tí a fẹ́ parí kí a sì pa kọ̀ǹpútà, irú bí yíyí fídíò ọdún ìbílẹ̀ padà sí fáìlì kékeré, ó sàn kí a dúró de iná, tàbí kí a jẹ́ kí ó sáré kí ó tètè tán.

Iṣẹ́ àdàkọ ni ìlànà yìí bá mu jù lọ. Ìdí ni pé ènìyàn ni ó ń fà á sẹ́yìn, kì í ṣe ẹ̀rọ: a ń gbọ́ ìlà kan, a ń dá a padà, a ń ronú, a ń tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohun tí GHz 3 ń ṣe níbẹ̀ tí GHz 1.5 kò lè ṣe. Bí bátìrì kan bá gba wáàtì-wákàtí 40, tí gbogbo kọ̀ǹpútà sì ń jẹ wáàtì 20, wákàtí méjì ni yóò lò. Bí a bá pa ìyára àfikún, tí a dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, tí a ti gbogbo ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí a kò lò, tí àpapọ̀ sì wá sí wáàtì 10, wákàtí mẹ́rin ni. Wákàtí méjì tí ó lé yìí tó láti parí ìjókòó kan lọ́dọ̀ apohùn.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìyára ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣeé darí, pé fólítéèjì ni ó mú kí ìyára gíga wọ́n, àti pé iṣẹ́ tí a ń ṣe ni ó yẹ kí ó pinnu bí a ó ṣe lò ó. Àwọn àgbà wí pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde lọ sọ́dọ̀ apohùn, kí ó ṣètò ìyára kọ̀ǹpútà rẹ̀ nílé, kí ó yọ ṣájà, kí ó sì wo iye wákàtí tí yóò lò ní tòótọ́. Kí ó máa fi iṣẹ́ pamọ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. A lè gba bátìrì padà sí ipò nígbà tí iná bá dé. Ẹnu tí ó mọ ìtumọ̀ ìlà mọ́kànlá yẹn kò sí mọ́.