E. M. Líjàdù àti Awo Ifá Inú Ìwé

Ìfáàrà

Awo ni Ifá. Láti ayébáyé ni àwọn babaláwo ti ń pa á mọ́ kúrò lójú ọ̀gbẹ̀rì. Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀ sí awo yìí nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé, tí ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀wé kà sì lè fi owó rà á? Iṣẹ́ E. M. Líjàdù ni a óò fi dáhùn ìbéèrè yìí. Èrò wa ni pé ìwé tí òjíṣẹ́ Kristi yìí kọ láti borí Ifá ni ó di ọ̀kan nínú àká tí ó pa ọ̀rọ̀ Ifá mọ́. Ṣùgbọ́n apá kan awo náà wà tí ìwé kò lè gbà.

Ẹni tí Líjàdù jẹ́

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Emmanuel Moses Líjàdù. A bí i ní 1862, ó sì kú ní 1926. Abẹ́ ìjọ C.M.S. ni ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù, ìlú Òǹdó sì ni a mọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ jù. Nígbà tí ó yá, ó kúrò lábẹ́ àkóso C.M.S., ó sì dá ẹgbẹ́ ajíhìnrere tirẹ̀ sílẹ̀.

Kì í ṣe Ifá nìkan ni etí rẹ̀ ṣí sí. Ní 1886 ni ó ti kó orin Àríbilóṣòó jọ sínú ìwé kékeré kan. Ní 1902, ó tún tẹ àrọ̀fọ̀ Ṣóbọ̀ Aróbíodu jáde. Èyí fi hàn pé ó ti mọ iyì ohùn ẹnu kí ó tó dojú kọ Ifá, ó sì mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ lè bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lọ sí sàréè.

Ìwé méjèèjì

Ìwé àkọ́kọ́, Ifá: Ìmọ́lẹ̀ Rẹ̀ tí í ṣe Ìpìlẹ̀ Ìsìn ní Ilẹ̀ Yorùbá, jáde ní 1898. Èkejì, Ọ̀rúnmlà, jáde ní 1908. Láàárín àkókò yìí kan náà, ní 1899, ni James Johnson kọ ìwé tirẹ̀ lórí ẹ̀sìn Yorùbá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni Líjàdù fi kọ tirẹ̀ ní tirẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń bá sọ̀rọ̀.

Ìdí tí ó fi kọ́ Ifá yé ni: ẹni tí yóò bá babaláwo jiyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tí babaláwo mọ̀. Ó gba ẹsẹ Ifá lẹ́nu àwọn awo, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ bí Kristẹni. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àkọlé ìwé àkọ́kọ́ dáadáa, a óò rí i pé òkùnkùn kọ́ ni ó pe Ifá. Ìmọ́lẹ̀ ni ó pè é. Lójú rẹ̀, ẹsẹ Ifá jẹ́rìí pé àwọn baba wa ti mọ nǹkan nípa Ọlọ́run kí àwọn òyìnbó ajíhìnrere tó dé. Nínú ìwé kejì, ó fi Ọ̀rúnmìlà wé Jésù, kí olùkàwé lè ti ọ̀dọ̀ ti ìṣáájú bọ́ sí ọ̀dọ̀ ti ìkẹyìn. Afárá ni ó fẹ́ fi Ifá ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gba orí afárá kọjá kò gbọdọ̀ wó o.

Ohun tí ìwé kò lè gbà

Kí a tó lè mọ ohun tí ó ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ó yẹ kí a rántí bí a ṣe ń dá Ifá. Ikin mẹ́rìndínlógún ni babaláwo ń gbá. Bí ọ̀kan bá kù sọ́wọ́, yóò tẹ méjì sórí ìyẹ̀rosùn. Bí ó bá ku méjì, yóò tẹ ọ̀kan. Bí ó bá ṣe èyí lẹ́ẹ̀mẹjọ, odù kan yóò hàn lára odù 256. Yóò wá máa ki ẹsẹ odù náà títí ẹni tí ó wá dá Ifá yóò fi gbọ́ èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Lẹ́yìn náà ni ẹbọ.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ẹni tí ọ̀ràn bá ni ó ń dá ẹsẹ tirẹ̀ mọ̀. Nínú ìwé, kò rí bẹ́ẹ̀. Líjàdù ni ó kì í, Líjàdù náà ni ó yàn án, òun náà ni ó sì túmọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ tí ó jẹ́ ìdáhùn fún ẹnì kan ní ọjọ́ kan wá di ẹ̀kọ́ fún gbogbo ayé. Bákan náà, ìwé kò lè mú ènìyàn wọ igbódù, kò sì lè dípò ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ọmọ awo fi ń sin ọ̀gá rẹ̀. Nítorí náà, Líjàdù tú ọ̀rọ̀ awo síta, ṣùgbọ́n kò tú awo fúnra rẹ̀.

Àǹfààní rẹ̀ fún wa

Iṣẹ́ náà kò parun. Ní 1972, a tún ìwé méjèèjì tẹ̀ ní Adó-Èkìtì. Ṣáájú èyí, ní 1968, Wándé Abímbọ́lá ti gbé Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá, Apá Kìíní, jáde, níbi tí a ti jẹ́ kí ẹsẹ Ifá sọ ti ẹnu ara rẹ̀ láìfi ti ẹ̀sìn mìíràn bò ó. Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo aráyé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará Èkó ju bí a ti rò lọ. Ní àdúgbò bí Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí àwọn ènìyàn láti ìlú oríṣiríṣi ti ń gbé pọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò bá babaláwo nínú agbo ilé wọn. Bí irú wọn yóò bá pàdé Ifá rárá, inú ìwé ni wọ́n lè ti kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó kọ ìwé ní ohun tí ó ń wá. Kí wọ́n ya ẹsẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ìtumọ̀ tí a fún un, kí wọ́n sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ awo tí ó ṣì wà láàyè.

Àsọkágbá

A ti rí i pé iṣẹ́ Líjàdù ju ète rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ kí Ifá fi ọ̀nà han Yorùbá sí ọ̀dọ̀ Kristi. Àwọn tí ń wá Ifá fúnra rẹ̀ náà ti ń gba ọ̀nà yẹn kọjá láti ìgbà náà. Yálà a gba ìtumọ̀ rẹ̀ tàbí a kò gbà á, ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún etí tí ó fi gbọ́ àti ọwọ́ tí ó fi kọ ọ́.