Iná Tí Àwọn Òbí Rà

Merritt Island, ní ìpínlẹ̀ Florida, kò jìnnà síbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń rán ọkọ̀ lọ sí ojú òṣùpá. Ní ọdún 1997, ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba tó wà níbẹ̀ ní pápá méjì tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù: ti baseball fún ọkùnrin, ti softball fún obìnrin. Ẹni tí kò mọ eré náà lè pè wọ́n ní ìbejì. Ṣùgbọ́n kí oòrùn sáà wọ̀, ìyàtọ̀ á yọjú. Iná ń tàn yòò lórí pápá àwọn ọmọkùnrin; ti àwọn ọmọbìnrin ṣókùnkùn biribiri.

Iná nìkan kọ́. Àwọn ọmọkùnrin ní pátákó oníná tó ń fi iye ayò hàn, wọ́n ní àgò onínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń dánra wò, ilé ìyàgbẹ́ wà létí pápá wọn, ibi ìtajà ìpápánu wà, ìjókòó òǹwòran wọn sì dára. Ìjókòó tí wọ́n gbé síwájú àwọn ọmọbìnrin kò tó ti ọkùnrin, kò sì dùn ún wò. Àwíjàre ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní Brevard, àgbègbè tí Merritt Island wà, ni pé ọwọ́ àwọn mọ́. Òbí ló dáwó, òbí ló ra nǹkan. Bí ẹgbẹ́ òbí kan bá mọ owó í wá ju èkejì lọ, èwo ni tìjọba níbẹ̀?

Àwíjàre náà kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Owó-orí ilé àti ilẹ̀ wà lára ohun pàtàkì tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ibẹ̀, olùkọ́ àti bọ́ọ̀sì ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀. Bó bá wá kan pápá, àwọn òbí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti ti àwọn agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn. Wọ́n á ta gúgúrú, wọ́n á fọ ọkọ̀, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò àdúgbò kí wọ́n lè lẹ ìpolówó rẹ̀ mọ́ ọgbà pápá. Ní California, tí àwọn olùdìbò ti fi òfin dín owó-orí ilé kù ní 1978, àjọ àwọn òbí tó ń wá owó fún ilé-ẹ̀kọ́ gbilẹ̀ gan-an. Kò yẹ kí èyí ya àwa náà lẹ́nu. Ẹni tó bá ti jókòó níbi ìdáwó ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde rí, tí alága gba gbohùngbohùn tó ń pe orúkọ èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ bí owó ṣe ń jáde lápò láìròtẹ́lẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ta ni owó yẹn wá ń lọ? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Pápá tí kò níná, ọ̀sán ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ tán. Lọ́sàn-án, bàbá wà níbi iṣẹ́, ìyá wà níbi iṣẹ́. Òǹwòran kò wá, gúgúrú kò tà, oníṣòwò kò rí ìdí tí yóò fi lẹ ìpolówó mọ́ ọgbà tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Owó kò wọlé, nítorí náà kò síná. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún sọ pé àwọn òbí ọmọbìnrin kò láápọn. Lápá kejì, iná tí wọ́n kọ́kọ́ tàn fún àwọn ọmọkùnrin ló ń bí owó tí wọ́n fi ń ra nǹkan mìíràn. Kò sẹ́ni tó jókòó tó gbèrò ibi. Ibi tí èrò ti ń wò tẹ́lẹ̀ ni owó ń tọ̀ lọ.

Ó sì ti pẹ́ tó ti ń rí bẹ́ẹ̀. Koríko oníke tó gbòde lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ́ ẹ gbàgẹ̀rẹ̀: Moses Brown, ní ìlú Providence, ní 1964. Ford Foundation ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, nípasẹ̀ àjọ kan tó dá sílẹ̀ ní 1958 láti máa ronú lórí ilé àti pápá ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ọmọ ìgboro kò ríbi ṣeré bíi ti ọmọ oko. Chemstrand, ọmọ ilé-iṣẹ́ Monsanto, ló ṣe koríko náà, ChemGrass ni wọ́n sì pè é. Ìgbà tó dé pápá Astrodome ní Houston ní 1966 ló di AstroTurf. Ọmọkùnrin nìkan ni Moses Brown ń gbà nígbà náà.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà 1972, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin kan tí Patsy Mink, Edith Green àti Birch Bayh jà fún nílé aṣòfin. Title IX ni wọ́n ń pè é. Gbólóhùn kan péré ni ọkàn rẹ̀: ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ akọ tàbí abo du ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun. Kò mẹ́nu ba eré ìdárayá rárá. Lọ́dún tí wọ́n ṣòfin náà, àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe eré ìdárayá fún ilé-ẹ̀kọ́ girama kò pé 300,000, nígbà tí ọkùnrin lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀. Ìlànà tó jáde ní 1975 ló la ọ̀rọ̀ pápá, irinṣẹ́, àkókò ìdíje àti olùkọ́ni yékéyéké. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gé òfin náà kúrú ní 1984, ilé aṣòfin sì dá a padà ní 1988, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ààrẹ Reagan kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Merritt Island fi délé ẹjọ́, àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣe eré ìdárayá ti ń lọ sí mílíọ̀nù méjì ààbọ̀.

Ọmọbìnrin méjì tó jáde láti ilé kan náà, tí àwọn méjèèjì wà nínú ẹgbẹ́ softball, ló pe ìgbìmọ̀ Brevard lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́ àwíjàre owó òbí, ó sì dà á nù. Ìgbìmọ̀ ló ni ilé-ẹ̀kọ́, òun ló ni pápá. Ohun tí ọmọ rí gbà ni òfin ń wò, kì í ṣe àpò tí owó ti jáde. Bí òbí bá fún ọkùnrin ní púpọ̀, ìgbìmọ̀ ni yóò wá bí ti obìnrin yóò ṣe bá a dọ́gba.

Ìgbìmọ̀ náà lọ, ó gbé ètò àtúnṣe wá. Ẹ gbọ́ ètò: kí wọ́n pa pátákó oníná àwọn ọmọkùnrin, kí wọ́n fi okùn dí apá kan ìjókòó òǹwòran wọn, àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ̀ ò ní jáde lápò ẹnikẹ́ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pọ̀ nínú àbá náà jọ ẹ̀san ju àtúnṣe lọ, pé ọkùnrin àtobìnrin ni yóò jìyà rẹ̀, àwọn èèyàn sì lè wá máa bínú sí àwọn ọmọbìnrin.

Ẹ̀yin ará wa ní Houston, Chicago àti Maryland, tí ọmọbìnrin yín ń ṣe eré ìdárayá nílé-ẹ̀kọ́ ìjọba: òfin ní kí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ yan òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tí yóò máa bójú tó Title IX. Bí wọ́n bá ṣe pápá tuntun tí ọmọ yín kò lè gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, ẹ béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ náà, kí ẹ kọ̀wé sí i.