Ẹ Jẹ́ Ká Máa Sín Ìdè Ní Gbangba Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ Wa



Nílẹ̀ Ìkálẹ̀ wa níbí, iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó ń ṣe púpurù, ìta ló ti ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ á yí i ká, wọ́n á máa bá a bó o, wọ́n á sì máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá kan ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà, ọ̀pọ̀ nínú wa á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn mọ́rí ká tó mú okùn. Ohun tí ọmọ bá sì ń rí tí àgbà ń fi pamọ́, ohun ìtìjú ló máa pè é.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ súẹ́tà nínú oòrùn kí ìdè ọwọ́ òsì rẹ̀ má baà hàn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ọmọ abọgibọ̀pẹ̀. Mi ò bá ọmọ ẹnikẹ́ni jà. Mo ra ìlẹ̀kẹ̀, èmi àti ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín in níwájú ilé, ní ìsọ̀ mi lọ́jà Òkìtìpupa, àti nínú mọ́tò tá a bá ń lọ sí Àkúrẹ́.

Iṣẹ́ kékeré ni, inú àpò ló ń gbé. Okùn ìpẹja là ń lò, torí kì í tètè já. Ẹ fi okùn wọn ọrùn ọwọ́ ọmọ, kẹ́ ẹ fi díẹ̀ lé e fún kókó. Ẹ ta ìdí okùn ní kókó kí ìlẹ̀kẹ̀ má baà yọ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí itan, kí èyí tó bá bọ́ lè hàn. Fún ìdè Ifá, aláwọ̀ ewé kan, aláwọ̀ ilẹ̀ kan. Funfun ni ti Ọbàtálá. Pupa àti funfun ni ti Ṣàngó. Bí ilé yín bá ní ètò tiẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e.

Àgbà kan bi mí pé, "Ìyá, ṣé ẹ ò máa tú awo síta báyìí?" Rárá o. Okùn àti ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni títí àwọn àgbà á fi fi omi ewé wẹ̀ ẹ́. Ìyẹn, inú ilé la ti ń ṣe é. Ọmọ tó bá ń bá wa sín in á mọ èyí tó lè sọ, á sì mọ ibi tẹ́nu gbọ́dọ̀ dúró.

Lọ́jọ́ kan nínú mọ́tò, obìnrin kan béèrè pé, "Màmá, kí lẹ ń ṣe yẹn?"

Kí n tó lanu, ọmọ ti fèsì: "Ìdè Ifá ni, mà. Ìyá àgbà ló ń kọ́ mi."

Obìnrin náà ní, "Ó dáa. Jésù ni tèmi o."

"Ẹ ṣé, mà."

Kò pẹ́ ni mọ́tò kó sí kòtò, ìlẹ̀kẹ̀ sì fọ́n ká. Obìnrin yẹn ló bá wa ṣà á.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 38, fún kálukú lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ ní gbangba tàbí ní ìkọ̀kọ̀. Ní 2023, ìjọba Ọ̀ṣun, Ọ̀yọ́, Ògùn àti Èkó fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ó dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n òfin kì í fi èsì sí ọmọ lẹ́nu. Ohun tó bá ń ṣe lójoojúmọ́ ló ń fi í sí i.

Ẹ sọ ìtàn fún wọn pẹ̀lú, bí ọwọ́ bá ṣe ń lọ. Ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì tó lé ní 12,000. Àwọn baba wa ti ń fúnra wọn ṣe gíláàsì níbẹ̀ kí òyìnbó tó gúnlẹ̀ sí èbúté wa. Ọmọ tó bá gbọ́ èyí kò ní ka ìlẹ̀kẹ̀ sí ohun yẹpẹrẹ.

Kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé, kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kan, okùn kan àti agolo ìlẹ̀kẹ̀ kan, kí wọ́n gbé àga síta. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, ẹ jẹ́ kí ọmọ ló dáhùn.